Owó Òpópónà, Owó Bọ́ọ̀sì: Ta Ló Di Gómìnà Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá 2024, Josh Shapiro, gómìnà Pennsylvania, kéde pé òun ń yọ mílíọ̀nù 153 dọ́là nínú owó òpópónà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pín fún ìpínlẹ̀ òun, òun sì ń gbé e fún SEPTA, àjọ tó ń wa bọ́ọ̀sì, trólì àti ọkọ̀ ojú irin ní Philadelphia àti agbègbè rẹ̀. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Kò lọ bẹ ààrẹ. Kò sì rú òfin kankan.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé gómìnà kan náà yìí kò lè mú sẹ́ǹtì kan nínú owó orí epo tí ìpínlẹ̀ tirẹ̀ gan-an ń gbà, kó fi ra táyà bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo. Òfin ìpilẹ̀ Pennsylvania, Abala Kẹjọ, ẹsẹ 11, ti so owó orí epo àti owó ìwé ọkọ̀ mọ́ òpópónà àti afárá. Láti tú u, ilé aṣòfin méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i ní sáà méjì tó tẹ̀ léra, kí àwọn ará ìlú tó wá dìbò lé e lórí. Owó tó ti Washington wá, tí gbogbo èèyàn ń ráhùn pé okùn ti pọ̀ jù lára rẹ̀, òun ló rọ̀ lọ́wọ́ gómìnà. Owó abẹ́ òrùlé ara rẹ̀ ló le koko. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

## Ta ló ni ọ̀nà?

Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà, bó bá gbọ́ “ọ̀nà ìjọba àpapọ̀,” ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni ọ̀nà tí Abuja ni, tí Abuja ń tún ṣe nígbà tó bá wù ú, tí gómìnà bá sì fi owó ìpínlẹ̀ tún un ṣe, á máa lé owó rẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ gbé èrò yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ ló ni Interstate, òpópónà ńlá tó so ìpínlẹ̀ mọ́ ìpínlẹ̀, tó gba inú rẹ̀ kọjá. Ìpínlẹ̀ ló ń yan iṣẹ́, ló ń pe agbaṣẹ́ṣe, ló ń kọ́kọ́ sanwó. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ̀wé sí FHWA, àjọ tó ń rí sí òpópónà ní Washington, kí wọ́n dá ìdá tiwọn padà fún un. Ìdá yẹn sábà máa ń jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì jẹ́ 90 fún Interstate.

Ẹsẹ 145 nínú Title 23, ìyẹn ìwé òfin òpópónà Amẹ́ríkà, sọ ọ́ láì fi epo bọ iyọ̀ pé owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ ẹ̀tọ́ ìpínlẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pinnu iṣẹ́ tí wọ́n máa fi owó náà ṣe. Láti 1973 ni gbólóhùn yẹn ti wà níbẹ̀.

Ìjọba Biden fi ojú ara rẹ̀ rí agbára gbólóhùn náà. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2021, oṣù kan péré lẹ́yìn tí ààrẹ fọwọ́ sí òfin ohun amáyédẹrùn tuntun, igbákejì ọ̀gá FHWA, Stephanie Pollack, kọ ìwé ìtọ́sọ́nà kan tó ń rọ àwọn ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n kọ́kọ́ tún ohun tó ti wà nílẹ̀ ṣe kí wọ́n tó máa fẹ ọ̀nà. Ìwé náà kò fipá mú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, Sẹ́nétọ̀ Mitch McConnell àti Shelley Moore Capito kọ̀wé sí àwọn gómìnà pé kí wọ́n má kà á sí. Ní oṣù Kejìlá 2022, GAO, àjọ tó ń yẹ ìnáwó wò fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, sọ pé ìlànà tó ní agbára òfin ni ìwé náà, pé ó yẹ kí wọ́n ti gbé e síwájú Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kó tó lè múlẹ̀. Ní oṣù Kejì 2023, FHWA fi ìwé mìíràn tó rọ̀ jù ú lọ rọ́pò rẹ̀.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí àwọn tó fẹ́ràn ohun tí Shapiro ṣe sábà máa ń bínú sí ohun tí McConnell sọ, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì dúró lé ìlànà kan náà. Ààyè tó jẹ́ kí Pennsylvania gbé owó ọ̀nà fún bọ́ọ̀sì ni ìpínlẹ̀ mìíràn ń lò láti gbé owó ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lọ fi fẹ òpópónà. Ààyè náà kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú.

## Ilẹ̀kùn méjì

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdọọdún ni FHWA ń pín owó fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ìṣirò inú òfin. Owó náà kì í wá lódindi. Àpò-àpò ló ń wá. Èyí tó tóbi jù ni NHPP, fún Interstate àti àwọn ọ̀nà ńlá tó so orílẹ̀-èdè pọ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni STBG, tó lè ṣe ọ̀nà, afárá, bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú irin, títí dé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. HSIP wà fún ààbò ojú ọ̀nà, CMAQ fún dídín èéfín kù níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti dára, NHFP fún ọ̀nà akẹ́rù. Òfin ohun amáyédẹrùn ti 2021 fi méjì kún un: Carbon Reduction Program, àti PROTECT tó wà fún ọ̀nà tí àgbàrá àti ìjì ń bà jẹ́.

Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ ni ẹsẹ 126. Ó gba ìpínlẹ̀ láyè láti kó tó ìdajì owó ọdún kan láti inú àpò kan sínú òmíràn. Ìdajì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn owó kan wà tí kò ṣe é kó rárá: owó tí àwọn ìgbìmọ̀ ìlànà ìrìnnà ìlú ńlá, tí wọ́n ń pè ní MPO, fi ń ṣe ètò, àti apá STBG tí òfin ti pín fún agbègbè gẹ́gẹ́ bí iye olùgbé. Apá ti olùgbé yìí jẹ́ 55 nínú ọgọ́rùn-ún. 45 tó kù ni ìpínlẹ̀ lè ná níbikíbi. Ti Transportation Alternatives, owó ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, tún ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀: láti 2021, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ kó nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé òun pe àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láti wá du owó náà, pé òun ràn wọ́n lọ́wọ́ láti kọ ìwé ìbéèrè, síbẹ̀ tí iṣẹ́ tó yẹ kò pọ̀ tó. Wọ́n fi èyí sí i nítorí àwọn ìpínlẹ̀ kan wà tí kì í tilẹ̀ pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kàn dúró kí ọjọ́ pé, wọ́n á sì kó o.

Ilẹ̀kùn kejì wà nínú ẹsẹ 104. Òun ló ń mú owó kúrò lábẹ́ FHWA lọ sábẹ́ FTA, àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ èrò. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ń pè é ní “flex.” Bí owó bá ti kọjá sí ọ̀hún, òfin òpópónà kò mú un mọ́, Title 49, òfin ọkọ̀ èrò, ló ń darí rẹ̀. STBG àti CMAQ ló sábà máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Bí owó bá wà nínú NHPP, ọ̀nà tó dán jù ni kó gba ilẹ̀kùn méjèèjì: láti NHPP sí STBG, láti STBG sí FTA.

Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Òfin 1973 ti gba àwọn ìlú láyè láti kọ apá kan Interstate sílẹ̀, kí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Boston ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú Southwest Expressway. Portland pa Mount Hood Freeway tì, owó rẹ̀ sì wà lára ohun tó kọ́ ọkọ̀ ojú irin MAX tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1986. Òfin ISTEA ti 1991, tí Sẹ́nétọ̀ Daniel Patrick Moynihan jà fún, ló wá sọ ọ́ di ohun ojoojúmọ́. Ed Rendell, tó jẹ́ gómìnà Pennsylvania nígbà náà, ṣe é ní 2005. Shapiro kò dá àṣà kankan sílẹ̀.

## Iṣẹ́ méje tí kò tíì jáde

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí pẹ́ nìyí. Nínú ìkéde oṣù Kọkànlá yẹn, wọ́n sọ pé mílíọ̀nù 153 náà wá láti ara iṣẹ́ òpópónà méje tí wọn kò tíì pe agbaṣẹ́ṣe sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka gbólóhùn yẹn kọjá. Òun gan-an ni kókó.

Owó òpópónà ní ìpele mẹ́ta. Wọ́n á pín in. Wọ́n á so ó mọ́ iṣẹ́. Wọ́n á dá a padà fún ìpínlẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti ná an. Nígbà tó ṣì wà ní ìpele àkọ́kọ́, òǹkà lásán ni nínú ìwé, ìpínlẹ̀ sì lè gbé e síbí gbé e sọ́hùn-ún. Bí ìpínlẹ̀ àti FHWA bá ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ kan, a ti so owó mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, tó ti kó katakata dé ojú ibẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yọ owó náà ti ń pe ẹjọ́ sí ọrùn ara rẹ̀ nìyẹn. Ìdí rèé tí ọwọ́ gómìnà fi lọ sórí iṣẹ́ tí kò tíì jáde. Kì í ṣe pé iṣẹ́ méje yẹn ni kò wúlò jù. Àwọn ni òfin kò tíì dì mú.

Òǹkà kejì tún wà tí àwọn akọ̀ròyìn kì í sábà dárúkọ. Lọ́dọọdún, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì máa ń fi òté lé iye tí ìpínlẹ̀ lè so mọ́ iṣẹ́ nínú ohun tí wọ́n pín fún un. Owó tí wọ́n pín lè wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Àṣẹ láti so ó mọ́ iṣẹ́ máa ń kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án. Ìpínlẹ̀ tó bá kó owó fún FTA láì kó àṣẹ yìí mọ́ ọn, òǹkà lásán ló fi ránṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ, FHWA á gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò lè lò ó, á sì pín in fún àwọn tí iṣẹ́ wọn ti wà ní sẹpẹ́. Ìpínlẹ̀ tó ń yọ owó lára iṣẹ́ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde ń dín ohun tó wà ní sẹpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kù. Kò sẹ́ni tó ń ka èyí mọ́ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìnáwó ojoojúmọ́ ló ń dun SEPTA: owó oṣù awakọ̀, iná, epo. Owó ìrànwọ́ àsìkò Kòrónà ti tán. Owó tí Turnpike, àjọ tó ń gba owó tógéètì ní Pennsylvania, ń san fún ọkọ̀ èrò lọ́dọọdún ti já wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 450 sí 50 láti oṣù Keje 2022. Shapiro ti bẹ ilé aṣòfin pé kí wọ́n fi ìdá kan nínú owó orí ọjà kún ti ọkọ̀ èrò. Ilé kékeré gbà, Sẹ́nétì kò gbà. Bẹ́ẹ̀ òfin FTA sọ pé ní agbègbè tí olùgbé rẹ̀ ju 200,000 lọ, owó wọn kò gbọ́dọ̀ san ìnáwó ojoojúmọ́, àfi fún àjọ kékeré tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ju 100 lọ ní àsìkò tí èrò pọ̀ jù. SEPTA ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Báwo wá ni owó òpópónà ṣe ń di owó awakọ̀?

Kì í dì í. Òfin náà ka ìtọ́jú ọkọ̀ kí ó má bàa bàjẹ́ mọ́ ìnáwó ńlá, ìyẹn “capital,” bíi pé èèyàn ra bọ́ọ̀sì tuntun. Owó oṣù mẹkáníìkì, bíréékì, epo ẹ́ńjìnnì, àyẹ̀wò ojú irin, gbogbo rẹ̀ wọlé síbẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn àjọ ńlá sábà ń gbà ni pé wọ́n á gbé ìnáwó ìtọ́jú yìí lé owó ìjọba àpapọ̀ lórí. Owó ìpínlẹ̀ àti owó èrò tí wọ́n ti ń fi ṣe ìtọ́jú tẹ́lẹ̀ á wá bọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì fi san awakọ̀. Yorùbá ní ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Washington ti pe mẹkáníìkì ní capital, ó di capital nìyẹn.

Ó ku owó ilé. Bí mílíọ̀nù 153 bá jẹ́ ìdá 80, mílíọ̀nù 38.25 ló yẹ kí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mú wá láti fi pé 191.25. Pennsylvania ní ọ̀nà tó ń gbà fò ó: òfin jẹ́ kí ìpínlẹ̀ tó ti fi owó tógéètì ṣe ọ̀nà lò ó bíi kírédíìtì dípò owó gidi, Turnpike sì ti kó irú rẹ̀ jọ rẹpẹtẹ. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ kírédíìtì kì í ra bíréékì. Níbi tí ìpínlẹ̀ ti lò ó, iṣẹ́ tó yẹ kó jẹ́ 191.25 á dín kù sí 153 gẹ́lẹ́.

## Ibi tó ti ń dàrú

Gómìnà lè kéde lónìí. Owó kì í wọlé lọ́la. Iṣẹ́ tó bá fẹ́ jẹ owó ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ètò ọdún mẹ́rin ti MPO, TIP, kó sì wà nínú ti ìpínlẹ̀, STIP. Ìwé méjèèjì gbọ́dọ̀ bá owó tó wà nílẹ̀ mu, nítorí náà ẹni tó bá fi nǹkan kún un gbọ́dọ̀ fi hàn ohun tó yọ. Ní Philadelphia, DVRPC ni MPO náà. Ìgbìmọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé tirẹ̀. Bí èyàn bá pàdánù ọ̀kan, ó di ìkejì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀ka ìrìnnà ìpínlẹ̀ á kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì FHWA, tí yóò sọ iye owó, ọdún tí wọ́n pín in, àpò tó ti wá, nọ́ńbà rẹ̀ nínú STIP àti àjọ tó máa gbà á. Bí àpò àti ọdún kò bá bá ìwé FHWA mu, lẹ́tà á padà wá. Bí owó bá dé FTA, àjọ bọ́ọ̀sì á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ìwé ìbéèrè. Ẹ̀ka iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ní Washington gbọ́dọ̀ jẹ́rìí pé ètò náà kò fi ẹ̀tọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò dù wọ́n. Ìnáwó tí wọ́n bá ti ṣe kí àṣẹ tó dé lè di ti wọn pátápátá.

Gómìnà kò sì lè dá nìkan kó ohun gbogbo. Apá STBG tó jẹ́ ti àwọn ìlú tó ju 200,000 lọ, MPO ló ń yan iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ìjíròrò pẹ̀lú ìpínlẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ibẹ̀ ni ìjà máa ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin máyọ̀ àti gómìnà, pàápàá bí ìlú kò bá tètè so owó tirẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Owó tó bá pẹ́ nílẹ̀ ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí nígbà tó bá fẹ́ gba owó padà. Òfin 2015 ti ṣètò láti gba bílíọ̀nù 7.6 padà ní oṣù Keje 2020; oṣù Kọkànlá 2019 ni wọ́n tó fagi lé e, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ ti ń sáré kó owó síbi tó máa bọ́ nínú ewu.

## Owó awakọ̀ ha ni bí?

Àwọn tó kọ ohun tí Shapiro ṣe sọ pé awakọ̀ ló san owó orí epo, kí wọ́n fi ṣe ọ̀nà fún awakọ̀. Owó orí epo ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 18.4 sẹ́ǹtì lórí gálọ́ọ̀nù kan, kò sì tíì lé láti 1993. 15.44 nínú rẹ̀ ń lọ sí òpópónà, 2.86 sí ọkọ̀ èrò, ìdá mẹ́wàá sẹ́ǹtì kan tó kù sì wà fún táǹkì epo tó ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Kò tó mọ́. Láti 2008 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ń bu owó láti inú àpò gbogbogbòò kún un. Òfin 2021 nìkan bu bílíọ̀nù 118, 90 fún òpópónà, 28 fún ọkọ̀ èrò. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tó ń wọ trólì ní Woodland Avenue, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń gbé ní Southwest Philadelphia, tó sì ń san owó orí lórí owó oṣù iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, owó tirẹ̀ náà wà nínú ọ̀dà Interstate.

Ẹ̀sùn kejì wọn lágbára jù lójú tèmi. Iṣẹ́ méje yẹn kò pòórá. Ọ̀dà ń gbó, irin ń dípẹtà, iye owó iṣẹ́ sì ń gòkè bí ó ti ń pẹ́. Owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n fi dí ihò tó ń padà lọ́dọọdún. Mílíọ̀nù 153 náà dá ìfikún owó ọkọ̀ ìdá 21.5 nínú ọgọ́rùn-ún dúró, ó sì mú SEPTA dé òpin oṣù Kẹfà 2025. Ní ọdún ìnáwó tó tẹ̀ lé e, àjọ náà kéde àìtó mílíọ̀nù 213. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2025, bọ́ọ̀sì ojú ọ̀nà 32 dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹsàn-án, lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ ti dá sí i, ẹ̀ka ìrìnnà ìpínlẹ̀ gbà kí SEPTA fi tó mílíọ̀nù 394 nínú owó ìnáwó ńlá ṣe ìnáwó ojoojúmọ́ fún ọdún méjì. Owó ọkọ̀ gun 2.90 dọ́là láti 2.50. Lọ́tẹ̀ yìí, owó tó yẹ kó ra ọkọ̀ ojú irin tuntun ni wọ́n ń jẹ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, màá ní flex dára gẹ́gẹ́ bí oògùn pàjáwìrì, pẹ̀lú ọjọ́ ìparí lórí rẹ̀, àti orúkọ iṣẹ́ tó sún síwájú nínú ìwé tí ará ìlú lè kà. Ìkéde Pennsylvania ní ti àkọ́kọ́. Ti kejì wà nínú àtúnṣe STIP, níbi tí ènìyàn ní láti fi ìwé méjì wéra kó tó rí i.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2026 ni ọjọ́ ìparí tó wà lórí òfin 2021. Nínú èyíkéyìí tó bá rọ́pò rẹ̀, èmi á kọ́kọ́ wo òǹkà méjì kí n tó wo àpapọ̀ owó: 50 inú ẹsẹ 126 àti 55 inú STBG. Bí 50 bá gòkè, gómìnà ló jèrè. Bí 55 bá wálẹ̀, máyọ̀ ló pàdánù.